Níbi tí Ẹ̀rọ Bá ti Dẹnu Kọlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Èkó Nínú Ayé Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ṣe ń dá ẹ̀rọ ìgbàlódé lóhùn, ibi tí ẹ̀rọ tuntun wà ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Yóò béèrè ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, ẹni tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, ẹni tó ń ta àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè náà ò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣini lọ́nà, torí ó ń mú kí a máa fi ọjọ́ orí ẹ̀rọ díwọ̀n làákàyè ẹni tó ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká gba Muṣin ní Èkó wò ó dípò bẹ́ẹ̀: ọjà Ládípọ̀ wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tí àwọn ará òkè òkun ti lò tì. Pápá Àjàó náà wà níbẹ̀, níbi tí Bruce Onobrakpeya, àgbà nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí. Iṣẹ́ méjèèjì jọra ju bí ojú ti ń rí i lọ, torí ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé iṣẹ́ ọnà tó jinlẹ̀ jù lọ tí Èkó ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ geere. Ibi tí ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ déédéé, kò sẹ́ni tí í wo inú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá kọ̀ la óò tó ṣí i, tí a óò rí ẹni tó ṣe é, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, àti ẹni tí wọn ò rántí rárá nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ò fìgbà kan gba ìlérí ẹ̀rọ gbọ́. Ní 1964, ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira, Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó fún olú ilé iṣẹ́ Electricity Corporation of Nigeria ní Marina. Èrò inú ère náà kò ṣòro fún Yorùbá tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá: ọba tó ni àrá àti mànàmáná ló wá ń ṣọ́ ilé iná ìjọba. Bí ẹni ń sọ pé iná kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa ni, pé ó ti ní olúwa rẹ̀ kí òyìnbó tó na wáyà. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó gbé ère náà dúró, ọwọ́ ẹ̀rọ ló wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọ́n. Ilé iṣẹ́ náà di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún aládàáni ní 2013, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Muṣin ní gbogbo ìgbà tí orúkọ ń yí padà. Ère ò yẹsẹ̀ lójú kan, àmọ́ ohun tó ń sọ ti yàtọ̀ sí ohun tó kọ́kọ́ sọ. Iṣẹ́ ọnà tó bá kí ẹ̀rọ káàbọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sábẹ́ ìṣe ẹ̀rọ nìyẹn: bí ẹ̀rọ bá jáni kulẹ̀, òun náà á jáni kulẹ̀ lọ́nà tí oníṣẹ́ ọnà ò rò.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ère Ṣàngó ni ohun kékeré kan ṣẹlẹ̀ tí mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Onobrakpeya ti jáde ní Zaria nígbà náà, níbi tí òun àti Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti àwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní kọ ẹ̀kọ́ òyìnbó sílẹ̀, àwọn ò sì ní jẹ́ kó gbé tiwọn mì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Èkó, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ títẹ àwòrán lórí àwo irin lọ́dọ̀ Ru van Rossem, ará Netherlands, nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. A ó fi nǹkan bí ọ̀dà bo ojú àwo síńkì, a ó fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i, a ó ri àwo náà sínú ásíìdì kí ó jẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, lẹ́yìn náà a ó fi ínkì kún ojú ìlà, a ó sì fi bébà tẹ̀ ẹ́. Ní 1967, ásíìdì hydrochloric ba àwo rẹ̀ jẹ́ kọjá ohun tó fẹ́. Ní ti òfin iṣẹ́, àwo náà ti di kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Dípò kó jù ú nù, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite dí ojú ibi tí ásíìdì jẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde kì í ṣe ínkì lórí bébà pẹlẹbẹ mọ́: bébà náà yọ ga níbì kan, ó rì níbòmíràn, ìka lè kà á bí ẹni ń ka ìlà ojú. Ó pe ọ̀nà tuntun náà ní plastograph, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sì fún ọjọ́ náà ni ìjàǹbá ásíìdì. Nínú ìjàǹbá yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà iṣẹ́ tó lò fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà ti yọ, títí dé àwọn àwòrán oníkókó tó ń ṣe lórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ Yúróòpù kọ̀ fún un, kò sì padà lọ bá Yúróòpù kí wọ́n wá tún un ṣe. Ó sọ àṣìṣe náà di òfin. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀rọ ní Èkó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ̀rọ̀. Ayé náà sì ti rí i: wọ́n yẹ́ ẹ sí ní Venice Biennale ní 1990, High Museum ní Atlanta ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2023, ó sì dé Smithsonian ní Washington ní 2024.

Ládípọ̀ ní ìmọ̀ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí oníṣẹ́ ọnà kankan tó dá sí i. Ẹni tó wá ra ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ kì í sábà béèrè tuntun. Bẹ́líjíọ̀mù ló máa ń béèrè, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, torí ó gbà pé ojúlówó tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá sàn ju ayédèrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Mẹkáníìkì, rìwáyà, wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà àyíká ibẹ̀ mọ inú mọ́tò lọ́nà tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò lè kọ, nítorí wọ́n ti rí gbogbo ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́. Inú irú ìmọ̀ yìí ni Olu Amoda ti ń ṣiṣẹ́. Warri ni wọ́n bí i sí ní 1959, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba College of Technology, tí kò jìnnà sí Muṣin. Ìṣó, ọ̀pá irin àti irin àlòkù ni ohun èlò rẹ̀. Sunflower, iṣẹ́ rẹ̀ tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Dak'Art ní Dakar ní 2014, tí òun àti Driss Ouadahi ọmọ Algeria jọ pín, jẹ́ òdòdó roboto ńlá tí wọ́n fi irin jó pọ̀. Láti òkèèrè, òdòdó ni. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, á rí i pé irin kọ̀ọ̀kan kò tíì gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìṣó ṣì jẹ́ ìṣó, tó lè gúnni lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní ronú kan ilé tí ìṣó náà ti yọ.

Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, Romuald Hazoumè tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé Yorùbá gbé irú èrò yìí lọ síwájú sí i. Kẹ́ẹ̀gì oníke ni ó fi ń ṣe ojú egúngún. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì lásán: èyí tí àwọn tó ń kó epo bẹntiróòlù kọjá bodè láti Nàìjíríà ń lò ni, epo tí wọ́n ń pè ní kpayo lọ́hùn-ún. Wọ́n máa ń fi iná mú kẹ́ẹ̀gì náà rọ̀ kó lè wú, kó gba epo sí i, títí tí yóò fi fẹ́ bẹ́, ọmọkùnrin kan á sì dì í mọ́ alùpùpù. Nínú La Bouche du Roi, tí ó parí ní 2005 tí British Museum sì rà, 304 ojú kẹ́ẹ̀gì ló tò bí àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú. Ẹ̀rọ ọ̀rúndún yìí ń mu epo, ara ènìyàn kan sì wà níbì kan tí a ń nà bí oníke kí epo náà tó lè dé. Iṣẹ́ náà kò wàásù. Ó kàn gbé ohun tí ìfẹ́ epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ síwájú wa ni.

Àtakò tó wà níhìn-ín lágbára, kò sì yẹ ká fojú rénà rẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọnà àlòkù yìí ni òyìnbó fẹ́ rí lọ́wọ́ wa, pé bí wọ́n ti sọ ilẹ̀ wa di ààtàn ẹ̀rọ wọn tán, wọ́n tún fẹ́ ká fi ààtàn náà dá wọn lára yá. Wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà tó ń sọ pàǹtírí di ẹwà ń bá wọn fi òórùn pa mọ́, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sun wáyà kọ̀ǹpútà láti yọ bàbà nínú rẹ̀, tí èéfín sì ń wọ̀ wọ́n lẹ́dọ̀fóró. Òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ àlòkù wà tí ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é yá: kìnnìún irin, ẹṣin irin, ẹyẹ irin, tí a lè fi irin tuntun ṣe kí ohunkóhun má yí padà. Ìdánwò tí mo máa ń lò kò le. Bí a bá mú ìtàn ohun èlò náà kúrò, ṣé iṣẹ́ náà ṣì dúró? Bí ó bá dúró láìsí ìtàn yẹn, ọ̀ṣọ́ ni. Mú òwò epo kúrò lára ojú egúngún Hazoumè, ó wó. Mú òwò ọtí tó so Áfíríkà mọ́ Yúróòpù kúrò lára ìdérí ìgò tí El Anatsui ń rán pọ̀ ní Nsukka, èyí tó wà lára iṣẹ́ tí Venice torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní 2015, aṣọ lásán ló kù. Nítorí náà, kì í ṣe àlòkù ni mò ń yìn. Ohun tí mò ń yìn ni pé kí iṣẹ́ má jẹ́ kí ohun tó bàjẹ́ gbàgbé ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Kì í ṣe irin àti oníke nìkan: ohùn ènìyàn pẹ̀lú máa ń dí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣófo. Láti nǹkan bí 2008 ni Emeka Ogboh, tí wọ́n bí ní Enugu ní 1977, ti ń gba ohùn Èkó sílẹ̀: họ́ọ̀nù, jẹnẹrétọ̀, wàásù orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti ju gbogbo wọn lọ, ohùn kọ̀ńdọ́ dánfó tó ń pe Ojúẹlẹ́gba, Muṣin, Òṣòdì. Ó ti fi àwọn ohùn yìí sí ilé ìṣàfihàn ní Yúróòpù, ó sì gbé àwo Beyond the Yellow Haze jáde ní 2021, níbi tí orin àti igboro ti wọnú ara wọn. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé nínú ìlú tí kò ní àtẹ àkókò ọkọ̀, tí ibùdókọ̀ kò ní pátákó, kọ̀ńdọ́ ni àtẹ, òun ni pátákó, òun ni máàpù. Ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe níbòmíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé dánfó yóò kúrò ní títì Èkó. Dánfó ò tíì lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ní ibùdó ní Muṣin, káàdì Cowry ni èrò sì fi ń wọ̀ ọ́. Ìdàgbàsókè ni, kò sì sẹ́ni tó ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì tí yóò gbàdúrà kó má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ogboh gbà sílẹ̀ ti ń di ẹ̀rí nípa iṣẹ́ kan tí ènìyàn ń ṣe, tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan pé ẹnikẹ́ni ṣe é rí.

Ti kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ yára kọjá, torí owó ti bo ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Osinachi, ọmọ Aba tí wọ́n bí ní 1991, ń fi Microsoft Word yàwòrán. Inú káfè ló ti kọ́ ọ, níbi tó ti ń tẹ ìtàn àti ewì, ohun tó sì wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ló lò. Word wà fún lẹ́tà àti ìwé ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó rò ó mọ́ ọn pé kó ya ara ènìyàn, aṣọ àti omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ní 2021, nígbà tí ariwo NFT, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ta àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbòde, Christie's ní London ta iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì kọ nípa owó náà ju àwòrán lọ. Ọjà yẹn ti já wálẹ̀ láti 2022. Ohun tó kù ni ohun tó ṣe pàtàkì láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ́ kan mú ẹ̀rọ tí kò sí fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fipá mú un ṣe é. Araldite lórí síńkì náà ni, ọdún ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lásìkò yìí, ibẹ̀ náà ni mo sì rò pé ẹ̀rí ti dúró sán-ún jù. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán lọ́nà yìí kò mọ ohunkóhun fúnra rẹ̀. Àìmọye àwòrán tí wọ́n ti kó fún un ló ń tọ̀. Ohun tó bá pọ̀ níbẹ̀, á mọ̀ ọ́n dunjú. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, á máa méfò. Malik Afegbua, tó ń ṣe fíìmù ní Èkó, fi èyí hàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 nígbà tó gbé The Elders Series jáde: àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, irun wọn funfun báláú, tí wọ́n wọ aṣọ ńlá, tí wọ́n ń yan lórí pèpéle ìfihàn aṣọ bí ọmọge. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà láyé. Midjourney, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí, ló fi dá wọn. Ó ní àìsàn ìyá òun ló mú òun bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí a ṣe ń wo àwọn arúgbó. Ó tún sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ béèrè àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó múra dáadáa, aṣọ àkísà ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀ fún wọn, ó sì di dandan kí òun máa tún àṣẹ pa títí. Fún mi, inú àwòrán àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó rí àwòrán tó dára náà kárí ayé kò rí àkísà tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì lọ pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rọ náà fẹ́ràn wa. Ó wù mí kó jẹ́ pé ó gbé méjèèjì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìbá ti jẹ́ iṣẹ́ tó le jù, tó sì jẹ́ òótọ́ jù.

Minne Atairu, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, kò fi àlàfo pa mọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Bìní ní 1897, tí wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, iṣẹ́ idẹ ààfin dáwọ́ dúró títí Eweka Kejì fi gorí oyè ní 1914: ọdún mẹ́tàdínlógún. Nínú Igùn, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Lumen ní 2021, ó kó àwòrán àwọn ère tí wọ́n jí fún ẹ̀rọ, ó sì ní kí ó méfò ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ Igun ìbá ti rọ ní ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tó jáde jọ idẹ Bìní, kò sì jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá ère tó pé á ní iṣẹ́ náà kùnà. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè mọ ohun tí wọn ò rọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n jí gbé nìkan ló rí kà. Àìpé náà gan-an ni òǹtẹ̀ tó wà lára ìwà ọ̀daràn yẹn, kò sì sí òpìtàn tó tíì fi hàn mí báyìí.

Àtakò kejì ni pé ẹ̀rọ yìí ń jẹ iṣẹ́ ọlọ́wọ́ ẹni, àti pé ẹni tó bá ń lò ó ń bá wọn jẹ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ní Muṣin. Kí ẹ̀rọ tó ń tẹ fílẹ́ẹ̀sì tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya pátákó ṣọ́ọ̀bù onídìrí, aránṣọ àti olóúnjẹ láti Ìdí-Òrò dé Ọlọ́ṣà, oní-sáìnì sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Fílẹ́ẹ̀sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀rí tó dunni jù sì ni ti Moses Ọláìyá, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sálà. Ó ná owó gọbọi, ó sì jẹ gbèsè, láti ṣe sinimá Ọ̀run Mooru tí Ola Balogun darí ní 1982. Ẹ̀rọ fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé, àwọn olè dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì, ó gba ìgboro kan kí olówó rẹ̀ tó jèrè, ọkùnrin náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 sọ fíìmù gidi di ọ̀wọ́n, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwọn òṣèré Yorùbá fi gbà ara wọn sílẹ̀, tí fíìmù àgbéléwò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé kò sí aburú, pé ẹ̀rọ tó pa iṣẹ́ kan ló ń bí òmíràn. Èmi ò gbà. Kò sẹ́ni tó dá owó Bàbá Sálà padà fún un. Ìbí iṣẹ́ tuntun kì í ṣe ẹ̀san fún ẹni tí wọ́n jà lólè. Nítorí náà, mo gba àtakò yìí ní ti owó: ó pé pérépéré. Ní ti iṣẹ́ ọnà nìkan ni kò fi dúró, torí Atairu kò lo ẹ̀rọ kó lè sinmi lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó lò ó kó lè bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn.

Iwájú, eré àwòrán oníṣísẹ̀ntẹ̀lé tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe, tó jáde ní February 28, 2024, mú ọ̀rọ̀ Mainland wọnú ayé tó ń bọ̀: Tola ọmọ olówó ní Island, Kole ọmọ Mainland tó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èdè wa àti ìlú wa wà nínú rẹ̀ láìtijú, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀, Cinesite ní Montreal àti London ló mú àwòrán náà rìn. Ohun tí Kole mọ̀ ni mo fẹ́ rí jù, bí ọmọ tí kò ní olùkọ́ ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ nípa títú u àti títún un tò, ìyẹn ìmọ̀ Ládípọ̀. Eré náà kàn fọwọ́ kàn án ni, kó tó sá tẹ̀lé àwọn ajọ́mọgbé.

Ìbéèrè tó ṣòro jù ni ti àwọn ará Muṣin fúnra wọn. Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún ẹni tí kò ní wọ ilé ìṣàfihàn láé? Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni Ìdí-Òrò. Nígbà tí Fẹlá ń ṣeré ní Afrika Shrine nínú Empire Hotel, iṣẹ́ Lemi Ghariokwu, tó ya èèpo àwo 26 fún un bẹ̀rẹ̀ láti orí Alagbon Close ní 1974, wà nínú yàrá àwọn èèyàn tí kò mọ ilé ìṣàfihàn kankan. Àwo ńlá gba àwòrán tó kún fún ọlọ́pàá, olóṣèlú àti èrò igboro, ènìyàn á sì máa kà á bí orin ti ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì sọ àwòrán náà di kékeré, fóònù sọ ọ́ di èyí tó kéré ju èékánná lọ. Kò sẹ́ni tó pinnu pé kí wọ́n gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ̀rọ orin yí padà, ó sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ìgbìyànjú láti gbé e padà wá ti wà. Bisi Silva ṣí Centre for Contemporary Art ní Yábàá ní oṣù kejìlá ọdún 2007, ó sì ṣe ibi ìkàwé sí i. Lagos Biennial àkọ́kọ́ ní 2017 wáyé nínú ọgbà ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, ọmọ ọdún 11 kan tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Ìtìrẹ́ ya Emmanuel Macron lójú ẹsẹ̀ ní New Afrika Shrine, fóònù sì gbé e yí ayé ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù tó sọ èèpo àwo di èékánná náà ni. Ẹni tó bá sọ pé kò sí èrò ìwòran fún iṣẹ́ ọnà ní Muṣin kò wo ọwọ́ àwọn èèyàn.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun, Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sọ tààrà ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kó iṣẹ́ ẹnìkan fún ẹ̀rọ láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa yàtọ̀ sí i. Àwòrán ère Bìní wà lárọ̀ọ́wọ́tó Atairu nítorí àwọn tó kó ère náà lọ ló yà á sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀dọ́ kan ní Muṣin bá fẹ́ fi pátákó tí àwọn oní-sáìnì yà bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè lọ́la, tàbí èèpo kásẹ́ẹ̀tì fújì, tàbí ojú dánfó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ibo ni yóò ti rí wọn? Òjò àti oòrùn ń pa àwọn pátákó tó kù lójú títì láti Palm Avenue dé Ìtìrẹ́ rẹ́ lójoojúmọ́. Yaba College of Technology ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tó ti ju àádọ́ta ọdún lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń gba Muṣin kọjá, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí kò ní fóònù. Kíláàsì kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nínú sáà kan: kí wọ́n ya pátákó, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á sí i, kí wọ́n bi í ní ọ̀dà tó lò àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé láti dáhùn.